Ọ̀sẹ̀ Mẹ́ta ní Bèírúùtù pẹ̀lú Màmá Kàríìmù

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, èèyàn mẹ́ta ló ti wá sílé mi ní Houston láti béèrè ohun tó yẹ kí wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó lọ sí Lẹ́bánónì. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, tí ilé iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ fẹ́ rán an lọ tún afárá ṣe níbẹ̀. Ó mú bírò àti ìwé dání, ó ní kí n ka gbogbo ohun tí ọkọ òun máa dì sínú àpótí fún òun. Mo ní kó fi bírò sílẹ̀ ná. Mo ní ohun tí ọkọ rẹ̀ máa fi sílẹ̀ nílé ló ṣe pàtàkì ju ohun tó máa dì lọ, torí pé ohun kan ṣoṣo tí mo gbàgbé sínú báàgì mi ló fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ mí di ẹni àwátì.

Ẹ̀yin ará ilé n'Íbàdàn náà kò yé kọ̀wé. Ẹ gbọ́ pé mo lọ sí ìlú tí wọ́n ti ń jagun láìsí ẹni tó fi ipá mú mi, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá orí mi ṣì pé. Mo rò pé ó pé. Àmọ́ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ohun tí mo ti ń múra ọkàn mi sílẹ̀ fún, ó sì yàtọ̀ sí ohun tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn wá. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni màá ṣe sọ ọ́. Ibi tó bá ti yẹ kí n gba arìnrìn-àjò nímọ̀ràn, màá dúró gbà á nímọ̀ràn.

Sharpstown

Nọ́ọ̀sì ni mí. Láti ọdún tí mo parí ẹ̀kọ́ mi ni èmi àti ọkọ mi ti ń gbé ní Sharpstown, nínú àwọn fúláàtì àtijọ́ tó wà lẹ́bàá freeway, títì márosẹ̀ ńlá. Àwọn ará Mẹ́síkò wà níbẹ̀, àwọn ará Vietnam wà níbẹ̀, àwa ọmọ Nàìjíríà náà ò kéré, ṣùgbọ́n èèyàn lè gbé ibẹ̀ fún ọdún kan kó má mọ orúkọ ẹni tí ògiri kan ṣoṣo wà láàárín òun àti rẹ̀. Kálukú ń ti inú ilé bọ́ sínú mọ́tò, ó ń ti inú mọ́tò bọ́ sínú ilé.

Lọ́jọ́ kan mò ń gun àtẹ̀gùn, mò ń bá ọmọ mi obìnrin wí ní Yorùbá nítorí pé ó fọ́ ẹyin tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Mo gbọ́ ohùn kan láti ẹnu ọ̀nà fúláàtì ìsàlẹ̀ tó ní, "Ó tó bẹ́ẹ̀, ìyá ọmọ. Ẹyin lásán ni." Mo bojú wẹ̀yìn. Òyìnbó arúgbó kan ni mo rí, ó fi ìborùn funfun bo orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí ọmọ mi.

Màmá Kàríìmù nìyẹn. Ọmọ Lẹ́bánónì ni wọ́n, ọ̀kan lára àwọn tí à ń pè ní Kórà n'Íbàdàn. Wọn ò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tí ọkọ wọn mú wọn wá sí Ìbàdàn, wọ́n sì ta aṣọ ní Gbági fún ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Ibẹ̀ ni ọkọ wọn kú sí. Ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Kàríìmù, di ẹnjiníà ní Houston, òun ló sì ní kí wọ́n wá máa gbé nítòsí òun. Àmọ́ ilé iṣẹ́ epo kan lápá Spring ló ń bá ṣiṣẹ́, ibẹ̀ náà ló kọ́lé sí, ó sì jìn sí wa tó wákàtí kan nínú mọ́tò. Ọjọ́ Ìsinmi ló máa ń wá kí wọn.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo tó kù fún Màmá, Sáádà lorúkọ rẹ̀, wà ní Bèírúùtù. Ó di ìgbà kan, lẹ́tà rẹ̀ kò wá mọ́, tẹlifóònù rẹ̀ kò sì dún. Nígbà tó pé oṣù méje, Màmá ní àwọn máa lọ mú un wá sí Houston. Kàríìmù kò lè bá wọn lọ. Ó ti di ọmọ Amẹ́ríkà, àsìkò yẹn gan-an ni wọ́n sì ń jí àwọn ará Amẹ́ríkà gbé lójú pópó níbẹ̀, tí wọ́n ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè wọ́n mọ́ ògiri. Kò sì lè jẹ́ kí ìyá rẹ̀ dá lọ, torí pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ. Ní àràárọ̀ ni wọ́n ń gba abẹ́rẹ́, ojú wọn kò sì ríran dáadáa mọ́ láti fa oògùn náà fúnra wọn, èmi ni mò ń bá wọn fà á látìgbà tí ojú náà ti bàjẹ́.

Ó wá bá mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí a ti ń ṣe nílé, ó sì jókòó. Ó ní, "Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà lẹ ní, ẹ sì mọ abẹ́rẹ́ gún. Ẹ bá mi tẹ̀lé wọn lọ, kí ẹ sì bá mi mú wọn padà."

Mo ṣèlérí fún un. Ọkọ mi bínú sí mi fún odindi ọ̀sẹ̀ méjì. Ó bi mí bóyá mi ò kì í wo tẹlifíṣọ̀n ni. Mo sọ fún un pé mò ń wò ó, ṣùgbọ́n ìyá mi kú n'Íbàdàn ní ọdún tí mò ń ṣe ìdánwò àṣekágbá mi, n kò lè lọ, n kò sì rí ẹni tí màá rán lọ ṣojú mi. Láti ọjọ́ tí mo sọ bẹ́ẹ̀, kò bá mi jiyàn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ẹrù wa dé pápákọ̀ òfuurufú.

Ọkọ̀ Ojú Omi

Wọ́n ti ti pápákọ̀ òfuurufú Bèírúùtù pa nígbà tí a ń lọ, nítorí náà a gba erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi níbẹ̀. Mo ti rò pé àwọn èrò inú ọkọ̀ náà á máa sunkún ni. Ohun tí mo rí yà mí lẹ́nu. Àwọn obìnrin tó ti ṣe irun wọn lọ́ṣọ̀ọ́, tí wọ́n kun ètè, ló kún inú rẹ̀. Ẹnì kan gbé àkàrà òyìnbó alájà mẹ́ta dání, ẹnì kan gbé aṣọ ìyàwó sínú ọ̀rá. Mo rọra bi Màmá pé ṣé wọ́n mọ̀ pé ojú ogun ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ní ilé wọn ni wọ́n ń lọ.

Obìnrin tó jókòó tì mí ya búrẹ́dì pẹlẹbẹ kan sí méjì, ó da òróró àti ewé gbígbẹ olóòórùn dídùn sí i, ó nà án sí mi. Mo ní mo ti yó. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ bí ẹni pé kò gbọ́. Ó fọwọ́ kan irun mi láìtọrọ àyè, ó bi mí nípa ọkọ mi, ọmọ mi, iye ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, Màmá sì ń túmọ̀ rẹ̀. N kò bínú. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi mí ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní Houston.

Èmi náà wá fẹ́ ṣe bí ọmọlúàbí, mo fi Gẹ̀ẹ́sì ní kí Màmá bá mi bi í pé ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ ni àbí mọ́sálásí, àti pé apá ibo ló ń gbé láàárín ìlú. Màmá kò túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin kan tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ lẹ́yìn wa ti gbọ́, ó sì sọ ọ́ lédè wọn. Búrẹ́dì dúró lọ́wọ́ gbogbo àwọn tó ń jẹun. Obìnrin náà wo ìta láti ojú fèrèsé, kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi gúnlẹ̀.

Nígbà tó yá, Màmá ṣàlàyé fún mi. Ìbéèrè méjì yẹn gan-an ni àwọn tó gbé ìbọn ń béèrè kí wọ́n tó pa èèyàn. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ béèrè ọmọ, ẹ béèrè oúnjẹ, ẹ béèrè ara. Ẹ má béèrè ẹ̀sìn, ẹ má sì béèrè àdúgbò.

Òkè Tó Ń Dún

Òwúrọ̀ la dé èbúté. Òkè ńlá ló dìde láti etí òkun, ilé funfun gun ara wọn lé e dé òkè pátápátá. N kò rí ibi tó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn èèyàn ń wẹ̀ nínú òkun. Ilé ìtajà tó ń ta góòlù ṣí sílẹ̀, ilé kọfí kún. Mo dúró pẹ̀lú báàgì mi lọ́wọ́, mò ń wá ogun tí wọ́n sọ fún mi.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn òkè. Ó dún bí ìgbà tí ará òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bá ń wọ́ kọ́bọ́ọ̀dù kiri. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín títì. Nígbà tí mo gbójú sókè, èmi nìkan ni mo bẹ̀rẹ̀. Ọkùnrin kan ń bẹ́ ẹja lọ, kò tilẹ̀ yí orí. Obìnrin tó ni ilé kọfí jáde wá, ó fà mí dìde, ó fi mí jókòó, ó sì gbé kọfí dúdú kíkorò sí mi níwájú nínú ife tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó fi ọwọ́ ṣàpèjúwe fún mi pé ọta tó ń dún yìí ń lọ sí ibòmíràn ni, kò bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ó kọ́ mi ní ìyàtọ̀ láàárín ìró méjèèjì bí olùkọ́ ṣe ń kọ́ ọmọdé ní á, bí, dí. Láti ọjọ́ náà n kò wo sánmà mọ́ tí mo bá gbọ́ ìró. Ojú àwọn onílé ni mò ń wò. Tí wọ́n bá ń bá ìsọ̀rọ̀ wọn lọ, èmi náà á bá tèmi lọ. Tí wọ́n bá dìde, màá ti dìde ṣáájú wọn.

Onítakisí tó gbé wa láti èbúté lọ sí Bèírúùtù, Ìlíásì lorúkọ rẹ̀, kò bá wa sọ ọ̀rọ̀ mìíràn ju ìkìlọ̀ lọ. Ó ní n kò gbọ́dọ̀ ya fọ́tò ohunkóhun, kódà òdòdó. N kò gbọ́dọ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì ní ibi tí àwọn ọmọ ogun bá wà. Kí n mú ìwé ìrìnnà mi dání láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ki ọwọ́ bọ báàgì níwájú ìbọn ń fa wàhálà. Kí n bọ́ awò ojú mi. Kí n kọ́kọ́ kí wọn kí wọ́n tó kí mi. Ó ní ní àràárọ̀, kí àwọn àlejò tó jáde, onítakisí ni kí wọ́n béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe rédíò, torí pé ọ̀nà tó là lánàá lè ti dí lónìí. Gbogbo ohun tó sọ ni mo ṣe. Ó ku ọ̀kan tí kò sọ.

Ìrékọjá

Ogun ti pín Bèírúùtù sí méjì, àwọn ológun tó yàtọ̀ ló sì ń ṣọ́ apá kọ̀ọ̀kan. Takisí Ìlíásì kò lè kọjá ìrékọjá, ojú ààlà tó wà láàárín apá méjèèjì, nítorí náà a sọ̀kalẹ̀, a sì fi ẹsẹ̀ rìn ín bíi ti gbogbo èèyàn. Àwọn akọ̀wé gbé àpò iṣẹ́ dání, àwọn ọmọbìnrin ilé ìwé wọ ṣòkòtò funfun, ọkùnrin kan gbé àgò adìyẹ. Ní òsì àti ọ̀tún wa, ọta ìbọn ti dá ilé lu títí tó fi dà bí ajere. Igi ti hù láàárín títì, ó ga jù mí lọ. Mo ti rí òkú rí, iṣẹ́ mi ni. N kò rí òkú títì rí.

Ní òdìkejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó gbé ìbọn kọ́ èjìká gba ìwé ìrìnnà mi. Ó ka Nàìjíríà, ó mi orí. Ó wá ní kí n ṣí báàgì. Láti àpò kékeré inú rẹ̀, tí n kò yẹ̀ wò láti Houston, ó fa káàdì ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yọ. Fọ́tò mi wà lára rẹ̀, Texas wà lára rẹ̀, àsíá Amẹ́ríkà kékeré kan sì wà ní igun rẹ̀.

Ó pariwo pe ẹnì kejì rẹ̀, ọkùnrin tó dàgbà jù ú lọ. Wọ́n mú èmi àti Màmá wọ inú ṣọ́ọ̀bù kan tí kò ní òrùlé mọ́. Màmá ń ṣàlàyé ní èdè wọn, ohùn wọn kò gbọ̀n. Màmá wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkùnrin àgbà náà ní Amẹ́ríkà kún fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ó sì ní ẹnikẹ́ni tó bá lówó lè ra ìwé ìrìnnà. Mo rí i tó tọ́ka sí mọ́tò kan tí wọ́n fi aṣọ bo fèrèsé rẹ̀. N kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí wọ́n fi irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Mo ronú nípa ọmọ mi, mo sì ronú nípa ọkọ mi tó gbé ẹrù mi.

Nígbà náà ni ọkùnrin náà sọ nǹkan kan, Màmá sì yíjú sí mi. Wọ́n ní ó sọ pé bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé Nàìjíríà ni mo ti wá, tí Màmá náà sì gbé ibẹ̀ rí, kí àwa méjèèjì sọ èdè ibẹ̀ kí òun gbọ́.

"Bísí," ni Màmá wí, "má wo ìbọn. Èmi ni kó o wò. Sọ ohunkóhun tó bá wá sí ọ lẹ́nu."

Mo ní, "Ṣé ẹ̀rù ò ba ẹ̀yin ni, Màmá?"

"Kò bà mí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fẹ́ sọ fún ọ láti Houston. Mi ò rí ẹnu sọ ọ́. Níbí tí ẹnikẹ́ni ò ti gbọ́ wa yìí, jẹ́ kí n sọ ọ́. Mi ò bá ọ padà."

"Ẹ ò bá mi padà síbo?"

"Sí Houston. Mi ò wá mú ẹ̀gbọ́n mi. Mo wá bá a gbé ni. Bó bá ti kú, màá gbé inú ilé rẹ̀."

N kò mọ ìgbà tí mo gbàgbé ìbọn. Mo ti pa ọwọ́ mọ́ra tẹ́lẹ̀, ọwọ́ náà ti tú. Mo bi wọ́n bóyá wọ́n mọ̀ pé mo ti ṣèlérí fún ọmọ wọn. Mo ní wọ́n tàn mí, wọ́n tan Kàríìmù, wọ́n sì jẹ́ kí n bá ọkọ mi jà lórí irọ́. Mo bi wọ́n ta ni wọ́n rò pé ó máa gún wọn ní abẹ́rẹ́ láàárín ìlú tó ti wó. Màmá náà dá mi lóhùn kíkankíkan, wọ́n ní kí n má pariwo mọ́ àgbà. Mo ní n kò pariwo. Àmọ́ mò ń pariwo.

Ẹ̀rín ló dá wa dúró. Ọkùnrin àgbà náà ń rẹ́rìn-ín, ó ti pe àwọn mẹ́rin mìíràn wọlé wá wò wá, arúgbó ọmọ ìlú wọn àti obìnrin dúdú tí wọ́n ń fi èdè tí wọn kò gbọ́ rí bá ara wọn jà. Ó sọ fún Màmá pé kò sí amí tó lè ṣe irú ìjà yẹn lẹ́tàn. Lẹ́yìn náà ó mú àṣáná, ó sun káàdì mi níṣojú mi, ó sì fi bàtà tẹ eérú rẹ̀. Ó ní kí Màmá sọ fún mi pé bí ẹlòmíràn bá rí irú káàdì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ mi, kò ní sọ pé kí n sọ̀rọ̀ kí òun gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ tú gbogbo báàgì yín sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ tó kúrò nílé. Káàdì iṣẹ́, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, lẹ́tà, ìwé ọjà tí ẹ rà, ẹ̀wù tí wọ́n kọ nǹkan sí láyà, ẹ yọ gbogbo rẹ̀. Ẹ wo inú aṣọ tí wọ́n fi tẹ́ báàgì pẹ̀lú.

Ilé Sáádà

A kò bá ara wa sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibẹ̀. Sáádà wà láàyè. Obìnrin tó sanra ni, ó ń gbé ní àjà kẹta, ògiri pálọ̀ rẹ̀ kan sì ti lọ pátápátá. Ó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì dí ibi tí ògiri náà ti wó. Òun àti àbúrò rẹ̀ di ara wọn mú, ó pẹ́ débi pé mo gbé ẹrù kalẹ̀ fúnra mi. Lẹ́yìn náà Sáádà yíjú sí mi, ohun àkọ́kọ́ tó sì béèrè ni bóyá mo ti jẹun.

Ó fi omi gbígbóná sílẹ̀ fún mi kí n wẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ wẹ̀ tán pátápátá, bí ẹni tó wà ní Sharpstown. Nígbà tí mo jáde, mo rí i pé garawa tó kù ti gbẹ. Omi ọjọ́ méjì ni. Ọkọ̀ ni wọ́n fi ń gbé omi wá sí ìsàlẹ̀, Sáádà sì ti rù ú gun àjà mẹ́ta fúnra rẹ̀. Kò sọ fún mi, Màmá ló sọ fún mi lọ́jọ́ kejì. Ojú tì mí débi pé n kò lè jẹun àárọ̀. Ní irú ìlú bẹ́ẹ̀, àwọn onílé á fún àlejò ní ohun tí wọn kò ní. Ẹ béèrè bí omi ṣe ń wọlé kí ẹ tó wẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mú ẹ̀bùn lọ, ẹ fi lọ́fíńdà sílẹ̀, ẹ mú bátìrì, àbẹ́là àti oògùn.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ní ọ̀sán gangan, ìró tó ń bọ̀ dé. Sáádà ń ki ìrẹsì àti ẹran sínú elégédé kéékèèké lọ́wọ́. Kò sáré. Ó ṣí gbogbo fèrèsé kí gíláàsì má baà fọ́ lù wá, ó gbé ìkòkò rẹ̀, ó sì ní ká máa bọ̀. Orí àtẹ̀gùn ìsàlẹ̀, láàárín ògiri méjì, ni gbogbo ilé ń sá sí. Kálukú ló ní àga tirẹ̀ níbẹ̀. Olùkọ́ arúgbó kan ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, ó ń dúró tí ilẹ̀ bá mì, ó tún ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dúró sí. Sáádà ń ki elégédé rẹ̀ lọ. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀jẹ̀ ní Houston, mò ń gbọ̀n débi pé obìnrin kan tí n kò mọ̀ rí jókòó sílẹ̀, ó sì di ọrùn ẹsẹ̀ mi méjèèjì mú.

Wọ́n gbé ọkùnrin kan wọlé láti títì, gíláàsì ti gé apá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ara mi balẹ̀. Mo ya aṣọ tábìlì, mo dì í, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí ẹ̀jẹ̀ fi dá. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, gbogbo àdúgbò ló ń pè mí ní Dókítà. Mo ní nọ́ọ̀sì ni mí, wọn kò gbà.

Ọ̀rọ̀ Tí Màmá Sọ

Mo ti pinnu pé màá mú Màmá padà, bó tiẹ̀ di ẹkún. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbà tí màá lọ, a jókòó sínú oòrùn àárọ̀ ní ibi tí ògiri pálọ̀ ti wó, wọ́n ti ká bùláńkẹ́ẹ̀tì sókè. Mo ka gbogbo ẹ̀bi wọn fún wọn. Mo ní ìbọn lè pa wọ́n lọ́la. Mo ní oògùn lè tán. Mo ní Kàríìmù kò ní dárí jì mí.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Wọ́n wá ní, "Ọdún márùn-ún ni mo fi gbé abẹ́ fúláàtì rẹ. Yàtọ̀ sí ìwọ àti ọmọ rẹ, ta ló kan ilẹ̀kùn mi rí?"

Mo ní Kàríìmù ń wá.

"Ó ń wá. Ó ń jókòó, ó ń wo aago. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbọ́ èdè kankan lẹ́nu mi. Ọmọ dáadáa ni, kò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n Bísí, ọjọ́ kan wà, kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í gún mi ní abẹ́rẹ́, tí mo ṣubú nílé ìwẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni. Ìwọ wà níbi iṣẹ́. Mo wà nílẹ̀ títí di ọjọ́ kejì, mo sì ń gbọ́ bí àwọn èèyàn ṣe ń gun àtẹ̀gùn kọjá."

N kò mọ̀. Èmi náà wà lára àwọn tó gun àtẹ̀gùn kọjá. Ohun tí mo rí ní ìrékọjá bà mí lẹ́rù, ti orí àtẹ̀gùn bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n èyí wọlé sí mi lára ju méjèèjì lọ. Láàárín ìgbà tí wọ́n fi sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti kan ilẹ̀kùn Sáádà. Ẹnì kan wá tọrọ iyọ̀. Ẹnì kejì wá wò bóyá wọ́n ti jí.

N kò jiyàn mọ́. Oògùn oṣù mẹ́rin ni mo mú dání, torí pé mo ti pín in sí báàgì méjì kí ọ̀kan má baà sọnù. Iná kò sí láti fi mú un tutù. Màmá fúnra wọn ló rántí àmù tí àwọn ará Ìbàdàn fi ń mú omi tutù, a sì wá ìkòkò amọ̀ kan, a fi iyẹ̀pẹ̀ tútù yí i ká. Mo kọ́ Sáádà ní abẹ́rẹ́ gígún lára ọsàn. Ọsàn mẹ́jọ ló bàjẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. Mo tún kọ́ olùkọ́ arúgbó náà, mo kọ́ obìnrin tó di ẹsẹ̀ mi mú, kí ó má ṣe pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n. Onílé oògùn àdúgbò náà ṣèlérí níwájú mi pé òun á máa wá oògùn náà pamọ́ fún wọn tí èyí tí mo mú wá bá tán.

Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, Màmá tẹ̀lé mi dé ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Wọ́n ní bí mo bá délé n'Íbàdàn ṣáájú àwọn, kí n bá àwọn kí Gbági.

Padà sí Houston

Kàríìmù ń dúró dè mí ní pápákọ̀. Ó wọ táì, ó gbé òdòdó dání, ó sì ti tọrọ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìlera. Ojú rẹ̀ kọjá lára mi, ó ń wo ẹ̀yìn mi. Mo sọ fún un kí ó tó béèrè. Mo ní wọ́n wà láàyè, ẹ̀gbọ́n wọn wà láàyè, wọ́n sì ní àwọn ò bọ̀.

Kò pariwo. Ó kàn bi mí pé, "Ṣé wọ́n sunkún nígbà tí ẹ ń lọ?"

"Rárá," ni mo wí. "Èmi ni mo sunkún."

Ó jókòó sínú kẹ̀kẹ́ tó mú wá fún ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ojú, àwọn èrò sì ń yà fún wa.

Kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ohun tó lé ní ọdún kan. Ó gbà pé mo ta òun, n kò sì dá a lẹ́bi. Àwọn kan láti Mẹ́síkò kó wọ fúláàtì ìsàlẹ̀, mo sì lọ kan ilẹ̀kùn wọn lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé. Ẹnu yà wọ́n.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí Màmá fi gbé lọ́dọ̀ Sáádà. Ìbọn kò pa wọ́n, oògùn kò sì tán. Ojú oorun ni wọ́n kú sí, ní ọ̀sẹ̀ kan tí ìlú náà dákẹ́ rọ́rọ́. Kàríìmù fúnra rẹ̀ ló gbé ìròyìn náà wá sílé mi. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó jókòó sí ibi tó jókòó sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní Sáádà kọ̀wé pé gbogbo ṣọ́ọ̀bù òpópónà náà ló tì, pé èrò tó sin wọ́n kún títì dé ibi tí mọ́tò kò lè kọjá, àti pé olùkọ́ arúgbó náà wà lára àwọn tó gbé pósí.

Ó wá ní, "Ká ní ibí ni wọ́n kú sí, èèyàn mélòó ni ì bá sin wọ́n?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á lọ́kàn. Òun, ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ wọn méjì. Èmi, ọkọ mi, ọmọ mi. Mo wá ẹnì kẹjọ títí, n kò rí i.